Ìkòkò kan fún ọmọ méjìdínlógún

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan ni mo ń ṣe ní Abẹ́òkúta. Ọmọ 18 ló wà lọ́dọ̀ wa báyìí. Márùn-ún nínú wọn kò tíì pé ọdún kan, àwọn tó kù wà láàárín ọdún kan sí mẹ́rin. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń dé, àwọn mìíràn kì í lọ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kọ mímu la máa ń fún wọn láàárọ̀. Àwọn òbí ló ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá nínú kúlà: noodles, bisikíìtì, júùsì. Mo fẹ́ kí á máa sè oúnjẹ ilẹ̀ wa fún gbogbo wọn, ṣùgbọ́n owó kò pọ̀, ìyá ọmọ kan sì ti sọ fún mi pé òun kò sanwó kí ọmọ òun wá jẹ àmàlà. Obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ náà kò gbà pé ó yẹ ká máa fún ọmọdé ní ẹyin. Kí ni kí n máa sè, báwo sì ni kí n ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ẹ kò bi mí. Ẹ rò pé noodles àwọn òbí ni wàhálà. Lójú tèmi, ẹ̀kọ mímu òwúrọ̀ yín ló yẹ ká kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun lẹ̀yin fúnra yín ń fún wọn, òun sì ni gbogbo ayé gbà pé kò lẹ́bi.

Àwọn àgbà kò fi ẹ̀kọ tan ara wọn jẹ. Wọ́n ní "iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Ẹ wo ibi tí wọ́n to ẹ̀kọ sí, ẹ̀gbẹ́ gúgúrú ló wà. Ẹ̀kọ tútù tí a fi ewé pọ́n ni wọ́n sì ń sọ o. Èyí tí a ń pò fún ọmọ tún fúyẹ́ jù ú lọ. A rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, a lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, a da eèrí rẹ̀ fún ewúrẹ́. Eèrí yẹn kó púpọ̀ nínú purotéènì, ọ̀rá, áyọ́ọ̀nù àti síǹkì tó wà lára àgbàdo lọ. Ewúrẹ́ ilé ń sanra, ọmọ ilé ń rù. Èyí tó ṣẹ́kù, a tún bu omi lé e lórí kó lè gba ẹnu rọ́bà ìgò kọjá.

Inú ọmọ oṣù mẹ́jọ kéré. Ohun tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan kò ju nǹkan bíi mílílítà 200 sí 250 lọ. Ẹ̀kọ tó ṣàn bí omi kì í sábà ní ju kálórì 30 lọ nínú mílílítà 100, kọ́ọ̀bù kan kò wá ju bíi 60 lọ. Ọmọ oṣù 6 sí 8 tó ṣì ń mu ọmú dáadáa nílò nǹkan bíi kálórì 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ tí kì í ṣe ọmú. Ti oṣù 9 sí 11 nílò 300, ti oṣù 12 sí 23 nílò 550. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọmọ ọdún kan ààbọ̀: ó ju kọ́ọ̀bù mẹ́sàn-án lọ lójúmọ́. Ọmọ wo ló fẹ́ mu ún? Á mu kọ́ọ̀bù kan, ikùn rẹ̀ á le, á sùn, a ó sì ní ó yó. Omi ló yó.

Nígbà tí mo ṣì ń yí àdúgbò kiri fún iṣẹ́ ìlera, wọ́n pè mí sí ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó ń jẹun bí àgbà, ìgò mẹ́ta lóòjọ́, síbẹ̀ tí kò sanra. Mo ní kí wọ́n da ìgò kan sínú àwo pẹrẹsẹ fún mi. Ó ṣàn títí dé etí àwo, mo sì ń rí òdòdó tí wọ́n yà sí ìdí àwo náà láti abẹ́ ẹ̀kọ. Olùtọ́jú ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Torí náà, ẹ sè é kó ki. Tí ẹ bá bù ú sínú ṣíbí, tí ẹ dojú ṣíbí kọ ẹ̀gbẹ́, kó rọra yọ́ wálẹ̀ ni, kó má ṣàn. Ọmọ oṣù mẹ́fà lè jẹ ẹ̀kọ tó ki láti inú ṣíbí, kò nílò ìgò. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá bù kún un. FIIRO, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, ti pa ṣóyà pọ̀ mọ́ ògì tipẹ́tipẹ́, soy-ogi ni wọ́n pè é. Èyí tó rọrùn jù fún irú ilé yín ni èyí tí wọ́n ń pè ní Tom Brown: ìwọ̀n mẹ́fà àgbàdo pupa tàbí ọkà bàbà, ìwọ̀n mẹ́ta ṣóyà, ìwọ̀n kan ẹ̀pà. Ẹ yan wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ wá pa wọ́n pọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ kó lọ̀ wọ́n kúnná. Ẹ kò ní sẹ́ nǹkan kan dànù. Ṣóyà gbọ́dọ̀ jinná dáadáa, títí òórùn tútù rẹ̀ á fi lọ, torí ohun kan wà nínú ṣóyà tútù tí kì í jẹ́ kí inú ọmọ rí purotéènì rẹ̀ lò. Ẹ̀pà ńkọ́? Ẹ jókòó ṣà á. Èyí tó bu, tó dúdú, tó rún tàbí tó korò lẹ́nu, ẹ kó o dànù, ẹ má fún adìẹ pàápàá. Ohun tó ń bu ẹ̀pà àti àgbàdo máa ń ṣe oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, yíyan kì í sì í pa á tán. Ẹ má lọ̀ ju èyí tí ẹ máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí ọ̀rá inú rẹ̀ má bàa kan.

Bó bá jẹ́ pé ògì lásán ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ sè é kó ki, ẹ fi edé lílọ̀ tàbí ẹ̀pà lílọ̀ sí i, kí ẹ sì ro ṣíbí kékeré kan epo pupa mọ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kálórì 40 ni ṣíbí epo yẹn nìkan fi kún un, pẹ̀lú fítámì A tí ojú àti ara ọmọ ń fẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹ́ epo tí ẹ ti yọ́ títí tó fi funfun o. Ohun tó mú epo pọ́n náà lẹ ń wá, ẹ ti sun ún lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ṣúgà sinmi. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì kò nílò ṣúgà rárá, kò sì mọ̀ pé ẹ̀kọ yẹ kó dùn àyàfi bí a bá kọ́ ọ. Oyin náà, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń rọ iṣan ọmọ ọwọ́, títí kan iṣan tó fi ń mí.

Mo ní ká sọ̀rọ̀ ṣíbí. Ọ̀rọ̀ kan wà tó tẹ̀lé e tí kò dùn ún sọ: rírọ ọmọ. Ẹ mọ̀ ọ́n, wọ́n rọ èmi náà. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí i lẹ́nu, wọ́n á dà á sí i, bó bá di ẹnu, wọ́n á dí i nímú kó lè ṣe é ní túláàsì láti gbé e mì. Ìfẹ́ ni àwọn ìyá wa fi ṣe é, mi ò bú ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ mí, tí ẹ̀kọ kún ẹnu rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀kọ náà ń gbà lọ. Mo ti rí ọmọ tó ti ibẹ̀ dé ọsibítù. Jẹ́lé-ó-sinmi tí ọmọ 18 wà, tí ọwọ́ kò sì pọ̀, ni ìdánwò rẹ̀ pọ̀ jù sí, torí rírọ yá kíá. Ẹ fòfin dè é ní ilé yín. Ẹ jókòó kọjú sí ọmọ, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ dúró kó lanu. Bó bá yí orí kúrò, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún gbìyànjú, bó bá tún yí i, ó tó o nìyẹn. Oúnjẹ tuntun tó tu dà lónìí, ó lè gbà á nígbà kẹwàá, ẹ má tètè yọ ọ́ kúrò.

Nínú àwọn márùn-ún tí kò tíì pé ọdún kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ ní èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 16 ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kò ní ìyẹn pàápàá. Ọmọ oṣù mẹ́rin tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa gbé wá bá yín. Ọmú nìkan ni tirẹ̀, kò sí ẹ̀kọ, kò sí omi, kò sí àgbo. Kí ìyá fún wàrà rẹ̀ sínú ike tó mọ́, kó kọ orúkọ ọmọ àti aago sí i. Ní ìta gbangba, kó má kọjá wákàtí mẹ́rin, nínú ooru Abẹ́òkúta yìí ẹ jẹ́ kó wà nínú kúlà tí yìnyín wà, nínú fìríìjì ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin. Omi gbígbóná nínú abọ́ ni kí ẹ fi mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ má gbé e sórí iná. Kọ́ọ̀bù kékeré ni kí ẹ fi fún un. Ìgò ṣòroó fọ̀ mọ́. Ọmọ tó bá jẹ́ wàrà inú agolo ló ń mu, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, tí kò tíì tutù ju dígíríì 70 lọ, ni kí ẹ fi pò ó, torí ìyẹ̀fun inú agolo kì í ṣe èyí tí kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù kó tó mu ún, èyí tó bá sì lo wákàtí méjì, ẹ dà á nù.

Ó wá ku oúnjẹ ọ̀sán tí ẹ tìtorí rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ kí ọjọ́ orí wọn ga lọ, ẹ̀jẹ̀ kò sì tó lára 68 nínú 100 àwọn tó wà láàárín oṣù 6 sí 59. Àìtó ẹ̀jẹ̀ yìí ló jẹ mí lógún jù, torí kì í fara hàn bíi ti ọmọ tó rù. Ọmọ á kàn máa sùn kiri, ọ̀rọ̀ á máa pẹ́ kó tó yé e, ẹ ó ní ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Ọ̀nà tí a fi ń yẹ oúnjẹ ọmọ wò rọrùn, ìka ọwọ́ lẹ máa fi kà á. Ìsọ̀rí mẹ́jọ ló wà: wàrà ọmú, ọkà àti àwọn ohun tó ń ta nílẹ̀ bí iṣu, ẹ̀wà àti ẹ̀pà, wàrà màlúù, ẹran àti ẹja, ẹyin, èso àti ẹ̀fọ́ tó pọ́n tàbí tó dúdú mìnìjọ̀, èso àti ẹ̀fọ́ yòókù. Ọmọ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán márùn-ún lójúmọ́. Ẹ wá ka noodles, bisikíìtì àti júùsì: ọ̀kan péré ni, ọkà. Ẹ tún ka àṣáró tí ẹ fi epo, ṣọkọ àti ẹja gbígbẹ sí, tí ọmọ fi ìbẹ́pẹ tẹ̀lé: iṣu jẹ́ ọ̀kan, ẹja ìkejì, ṣọkọ àti ìbẹ́pẹ tí wọ́n jẹ́ ìsọ̀rí kan náà ìkẹta, tòmátò àti àlùbọ́sà inú ata ìkẹrin. Bí ṣóyà tàbí ẹ̀pà, tí wọ́n wà ní ìsọ̀rí ẹ̀wà, bá ti wà nínú ẹ̀kọ àárọ̀, ó ti pé márùn-ún.

Mọ́ínmọ́ín ni mo máa fi ṣe òpó ilé yẹn. Gíráàmù 50 ẹ̀wà gbígbẹ fún ọmọ kan, ìyẹn bí ìdajì kóńgò fún àwọn mẹ́tàlá tó ti kọjá ọdún kan. Nínú gíráàmù 50 yẹn, bíi 11 ni purotéènì, ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta kò sì nílò ju nǹkan bíi 13 lọ láàárọ̀ dalẹ́. Ẹ gé ẹyin sísè sí méjì méjì sínú rẹ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí ìdajì. Ẹ̀kọ tútù ni kí wọ́n fi jẹ ẹ́. Ibí ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ìyá ìyá wa: ohun tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i, ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára ẹ̀wà, ó wà lára àgbàdo. Wọn kò lọ ilé ẹ̀kọ́ kankan kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ẹ bó èèpo ẹ̀wà kúrò, kí inú àwọn kékeré má bàa wú. Ewé ni kí ẹ fi pọ́n ọn bí ẹ bá ríwèé, mi ò fẹ́ràn nylon nínú ìkòkò tó ń hó. Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀wà tí wọ́n fi oògùn kòkòrò pa mọ́. Ẹ̀wà tí ìdin ti jẹ díẹ̀ kì í bà mí lẹ́rù tó ẹ̀wà tó mọ́ roro tó ń rùn bí oògùn.

Lọ́jọ́ kejì, àṣáró. Bí iṣu bá wọ́n, ẹ fi ọ̀dùnkún ṣe é, pàápàá èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, fítámì A ló fi pọ́n. Ẹ̀gẹ́ kan náà wà tí inú rẹ̀ pọ́n, tí ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn bá wọn gbé jáde ní 2011. Bí ẹ bá rí gààrí rẹ̀, ẹ rà á, kò nílò epo kó tó pọ́n. Bí ẹ bá ní ọmọ Ìjẹ̀bú láàárín wọn, ìkọ́kọrẹ́ náà dára, kó sáà má ta lẹ́nu.

Ọjọ́ kẹta wá ni ti àmàlà tí ìyá yẹn kọ̀. Abẹ́òkúta tiwa, ìlú láfún! Òótọ́ ni pé láfún fúnra rẹ̀, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ni, agbára ló ní, kò ní púpọ̀ mọ́. Gbẹ̀gìrì tó wà lórí rẹ̀ ni oúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí òkèlè kéré, kí gbẹ̀gìrì pọ̀, kí ewédú bò ó, kí ẹ sì fi ẹja àrọ̀ tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀ sí i. Ọmọ oṣù mẹ́wàá lè jẹ ẹ́, torí ewédú máa ń jẹ́ kí òkèlè yọ̀ lọ́nà ọ̀fun. Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀wà rírò pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè. Ọjọ́ Jímọ̀, ìrẹsì; ọ̀fadà tó wà nítòsí yín ní Ọbáfẹ́mi-Owódé bí owó bá ká a, bí kò bá ká a, èyí tẹ́ ẹ bá rí, pẹ̀lú ẹyin àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí ẹ rẹ́ wẹ́wẹ́. Àwọn tó ti lé ní oṣù mẹ́sàn-án lè jẹ nínú ìkòkò kan náà, ẹ kàn fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ẹ má lọ̀ ọ́ kúnná jù. Ọmọ tí kò bá rí nǹkan rún kò ní mọ̀ ọ́n rún.

Ẹja kò gbọdọ̀ wọ́n ju agbára yín. Ẹja gbígbẹ wẹ́wẹ́ àti edé, tí ẹ lọ̀ pẹ̀lú egungun àti orí, ìwọ̀nba rẹ̀ nínú ọbẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju ègé ẹran ńlá kan tí ọmọ rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí kò sì lè rún. Ata rodo, ẹ fi í sílẹ̀ fún tiyín. Iyọ̀ náà, ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta kò yẹ kó jẹ ju gíráàmù 2 lọ lójúmọ́, àpò ìsebẹ̀ kan nínú noodles sì lè ju ìyẹn lọ. Máàgì kò yàtọ̀ sí iyọ̀. Ẹ lo irú. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fún wọn ní èso tó bá wà ní àsìkò: ọsàn, mángòrò, ìbẹ́pẹ. Fítámì C inú wọn ló ń ran ara lọ́wọ́ láti fa áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Tíì ń dí i lọ́wọ́, kì í ṣe ohun ọmọdé. Omi ni kí wọ́n máa mu, kí ó wà nítòsí wọn nígbà gbogbo, pàápàá bí ẹ bá ní ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell).

Ẹ kíyè sí ohun tó lè há ọmọ lọ́rùn. Ẹ̀pà odindi, gúgúrú, egungun ẹja, ègé ẹran líle, wọn kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èyí tí a sábà máa ń gbàgbé ni kóró àgbálùmọ̀. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin tó fi ń wà, ẹ yẹ àpò àwọn tó ní ẹ̀gbọ́n nílé wò. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó fún ọmọ ní ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀pà fún ìgbà àkọ́kọ́: kó ti jẹ ẹ́ nílé rí, kí ara rẹ̀ má ti kọ̀ ọ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n tó ń bá yín ṣiṣẹ́ tó kọ ẹyin. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹyin àti ẹran á sọ ọmọ di olè. Ó ní ibi tó ti wá. Nígbà tí adìẹ ilé ò ju mélòó kan lọ, ẹyin tí ọmọ jẹ jẹ́ adìẹ tí kò ní sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn àgbà sì wá ọ̀rọ̀ tó lè dẹ́rù ba ọmọ kúrò nídìí rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n nígbà tiwọn. Lónìí, ẹ wo ẹni tó ń jí ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀ dáadáa, ọmọ tí wọn kì í fún ni. Ẹ má bá obìnrin náà jà níwájú àwọn ọmọ. Ẹ fi iṣẹ́ ẹyin lé e lọ́wọ́: òun ni kó máa sè é kó le, òun ni kó máa gé e, kó máa pín in. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ẹyin fún ọmọ mẹ́tàlá fún oṣù méjì tó ṣì ń pè wọ́n ní olè.

Àwọn òbí le ju ìyẹn lọ. Ìjọba kò ní bá yín sanwó oúnjẹ: Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò oúnjẹ O'Meals bọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní 2012, ìjọba àpapọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2016, ṣùgbọ́n kíláàsì kìíní sí ìkẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n dá ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ fún. Ọwọ́ àwọn òbí ni owó yín wà. Ẹ má pè wọ́n jọ láti wàásù nípa oúnjẹ ìbílẹ̀. Kódà, ẹ má kọ "oúnjẹ ìbílẹ̀" sára ògiri rárá, ojú tálákà làwọn kan fi ń wo ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó wà nínú ìkòkò ni kí ẹ kọ: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, ọsàn. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí òbí kọ̀ọ̀kan kọ iye tó ná sórí kúlà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, noodles, bisikíìtì, júùsì, gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣírò iye tí ìkòkò yín ná yín lórí ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ẹ gbé ìwé méjèèjì síwájú wọn, kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tówó bá há lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó mú dérìcà ẹ̀wà kan tàbí iṣu wá lóṣooṣù dípò owó. Ìyá tó kọ àmàlà, ẹ pè é wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ gbẹ̀gìrì. Bí ó bá ṣì kọ̀, kí ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà, kí gbẹ̀gìrì wà lórí ìrẹsì. Bisikíìtì ọjọ́ ìbí ọmọ, mi ò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀.

Ìnáwó á dínkù bí ẹ bá ń ra ẹ̀wà àti ṣóyà nígbà ìkórè, tí ẹ sì ní oníbàárà kan ní ọjà Kútọ̀ tàbí Láfẹ́nwá tó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹ̀fọ́ kò yẹ kó ná yín ní nǹkan. Àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún tí ẹ ro ilẹ̀ kún, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ sí i, láàárín oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀ ẹ ó ti máa já a. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta máa bomi rin ín. Ọmọ kì í sábà kọ ẹ̀fọ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ já.

Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, tiyín àti tiwọn, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ ìlédìí, ẹ mọ̀ ọ́n, mi ò ní fa ìyẹn gùn. Ṣùgbọ́n ẹ má sè oúnjẹ ọ̀sán láàárọ̀ kí ẹ wá dé e mọ́lẹ̀ títí di aago kan. Bí oúnjẹ bá ti kúrò lórí iná, ẹ má jẹ́ kó kọjá wákàtí méjì. Ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín àná ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Bó bá di dandan kí ẹ gbé nǹkan kaná, kí ó gbóná débi tó ń yọ èéfín láti àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ẹ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, ẹ bẹ̀ wọ́n fún tépù tí a fi ń wọn apá ọmọ, èyí tó ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa. Ọmọ oṣù 6 sí 59 tí apá rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 12.5, kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ rí wọn. Èyí tí kò tó 11.5, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú, kó má di ọ̀la. Ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti sọ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń pín fítámì A àti oògùn aràn fún yín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ tún ẹ̀kọ àárọ̀ ṣe nìkan, ẹ wọn apá gbogbo àwọn tó ti pé oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fi mọ́ínmọ́ín ọjọ́ Ajé kún un. Bí ọjọ́ kan bá ti jókòó dáadáa ni kí ẹ fi òmíràn kún un. Kí ẹ máa kọ ohun tó ṣẹ́kù nínú abọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, abọ́ ta ni, oúnjẹ wo. Tó bá di oṣù mẹ́ta, ẹ fi ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ìwọ̀n apá wọn, ká jọ wo èyí tó yẹ ká yí padà.